Àwọn Ọmọ Wa Tí Ó Jẹ́ Àkàndá Ẹ̀dá ní Yunifásítì: Bí Wọ́n Ti Ń Ṣe é Nílé àti Lókè Òkun

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa ní Ìkìrun)



Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ ìwé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́, ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, bí a ti rò, ni ọ̀rọ̀ àwọn ilé-ìwé tí òrùlé wọn ń jò àti ti àwọn ọmọ tí kò yege nínú ìdánwò. Ọ̀rọ̀ ọdọọdún ni ìwọ̀nyí láàárín wa. Ẹni tí ó bá ti ń ka ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́ ti mọ̀ wọ́n sórí. Nítorí náà a tọrọ ààyè kí a mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá, èyí tí a kò gbọ́ rí nínú ìpàdé yìí: ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ojú wọn kò ríran, tí etí wọn kò gbọ́ràn, tàbí tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn, tí wọ́n sì ní orí ìwé. Bí irú wọn bá dé Yunifásítì, ta ni yóò ràn wọ́n lọ́wọ́? Báwo ni wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ mìíràn, báwo sì ni àwa ti ń ṣe é níhìn-ín? Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò máa ń pè wọ́n ní àkàndá ẹ̀dá. Orúkọ náà dára, òun ni a ó sì máa lò.

Ẹ gbà wá láyè kí a kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká wa lára.

Ní ọdún 1994, a kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ tí a jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè yìí ni a wà, kíláàsì karùn-ún ni a sì ń kọ́. Ọmọdékùnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí ó jẹ́ pé bí a bá bi wọ́n ní ìṣirò orí, kí a tó pa ẹnu dé ni ó ti dáhùn. Nígbà tí ó di sáà kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ohun tí ó wà lójú pátákó kọ. A nà án. A tún nà án, nítorí a rò pé eré ni ó gbà á lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni a ṣàkíyèsí pé ó máa ń dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó lè rí pátákó. A mú un wá sí ìjókòó iwájú, ṣùgbọ́n iwájú náà kò tó mọ́. Kí ọdún náà tó parí, ojú náà ti lọ. Baba rẹ̀ mú un wá bá wa, ó ní, "Tíṣà, kí ni ẹ rí sí i?" A fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn pé, "Baba, ẹ mú un lọ sílé kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀. Ilé-ìwé kò lè ṣe é fún un mọ́." A gbàdúrà fún ọmọ náà, a sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú rẹ́jísítà.

Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a tó tún pàdé. Níbi ìnáwó òkú kan ni. Ó jókòó ti àwọn onílù, ó ń lu agogo. A kí ẹnìkan tí ó wà nítòsí rẹ̀. Bí ó ti gbọ́ ohùn wa ni ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì pe orúkọ wa. Àwa ni a kò dá a mọ̀. Lẹ́yìn tí a ti kí ara wa tán, ó bi wá léèrè bóyá òótọ́ ni pé àwọn afọ́jú wà tí ń kàwé ní Yunifásítì, nítorí òun gbọ́ ọ lórí rédíò. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ kò mọ̀ nígbà náà ni?"

A kò mọ̀. Ohun tí ó dùn wá jù nìyẹn. Ní ọdún 1994 tí a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ yìí, ilé-ìwé Pacelli tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú ní Súrùlérè, ní Èkó, ní ọdún 1962, ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1977, tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ afọ́jú àti adití, ti ń jáde olùkọ́ lọ́dọọdún. Láti Ìkìrun dé Ọ̀yọ́ kò tó ìrìn ọjọ́ kan. Àwa tí a gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, tí a kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọkàn ọmọdé, a kò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ilé wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Yorùbá kò ní àánú. Àwọn baba wa gbà pé ọwọ́ Ọbàtálá ni afín, abuké àti arọ ti wá. Ẹni òrìṣà ni wọ́n, èèwọ̀ sì ni láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbọ̀wọ̀ yìí gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ́wọ́ ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ̀ kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní A, B, D. Ipò tí a fi afọ́jú sí ni ẹ̀gbẹ́ onílù, tàbí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ń fún un ní owó bí a ti ń kọjá lọ.

Nísisìyí, kí a tó lọ sí ìlú òyìnbó, ó yẹ kí a mọ ohun tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, nítorí àwọn kan rò pé ojúsàájú ni, pé ńṣe ni a fẹ́ kí wọ́n fún wọn ní máàkì tí wọn kò ṣiṣẹ́ fún. Rárá o. Ìbéèrè kan náà ni wọn yóò dáhùn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Afọ́jú ń fẹ́ ìwé tí a tẹ̀ ní Bíréèlì, èyí tí a ń fi ìka kà, tàbí ìwé inú kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ lè kà sókè fún un. Ó sì ń fẹ́ àkókò díẹ̀ sí i nínú ìdánwò, nítorí ìka kì í yára bí ojú. Adití ń fẹ́ ògbufọ̀ tí yóò dúró níwájú kíláàsì, tí yóò máa fi èdè ọwọ́ sọ ohun tí olùkọ́ ń fi ẹnu sọ. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ ń fẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dípò àtẹ̀gùn, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́. Àwọn mìíràn tún wà tí ojú wọn ríran, tí ọpọlọ wọn sì pé, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ wọn lójú bí wọ́n bá ń kàwé. Àwọn wọ̀nyí ni àwa olùkọ́ ti nà jù.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1864, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà níbẹ̀, Ààrẹ Lincoln fọwọ́ sí òfin tí ó fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Washington láṣẹ láti máa fúnni ní oyè. Yunifásítì Gallaudet ni a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ní ọdún 1904, Helen Keller, obìnrin tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, gba oyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Radcliffe. Ẹ fetí sí bí ó ti ṣe é: olùkọ́ rẹ̀, Anne Sullivan, jókòó tì í nínú kíláàsì, ó sì ń fi ìka kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ sí i ní àtẹ́lẹwọ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n Helen Keller ni ó mú olùrànlọ́wọ́ tirẹ̀ wá láti ilé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò yàn án fún un. Ibi tí àwa wà lónìí, ibẹ̀ ni àwọn náà wà nígbà náà.

Ogun ni ó yí i padà. Lẹ́yìn ogun Hitler, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sójà padà dé tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, ìjọba sì ti ṣèlérí ẹ̀kọ́ fún gbogbo sójà. Ní ọdún 1948, ní ẹ̀ka Yunifásítì Illinois kan tí ó wà ní Galesburg, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Timothy Nugent bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún irú wọn. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún náà, nítorí ọdún kan náà ni wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n kó ètò náà lọ sí olú-ilé Yunifásítì ọ̀hún, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu àwọn ilé; nígbà tó yá wọ́n ní bọ́ọ̀sì tí ẹ̀rọ ara rẹ̀ ń gbé kẹ̀kẹ́ arọ wọlé.

Ẹnìkejì tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni Ed Roberts. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù ú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, láti ọrùn sísàlẹ̀ kò sì lè dá ara rẹ̀ gbé mọ́. Inú àpótí irin kan tí ń bá a mí ni ó ń sùn. Nígbà tí ó fẹ́ wọ Yunifásítì ní Berkeley ní ọdún 1962, ọ́fíìsì ìjọba tí ó yẹ kí ó san owó fún un sọ pé kò sí àǹfààní nínú rẹ̀, pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láé. Ó wọlé náà, ilé ìwòsàn Yunifásítì ni wọ́n sì fi í wọ̀ sí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jà títí tí wọ́n fi ní ọ́fíìsì tiwọn níbẹ̀ ní ọdún 1970. Ní ọdún 1975, gómìnà California fi Ed Roberts ṣe ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì ìjọba kan náà tí ó ti sọ pé kò lè ṣiṣẹ́. A máa ń rẹ́rìn-ín nígbàkúùgbà tí a bá rántí èyí.

Òfin ni ó wá sọ àánú di dandan. Ẹsẹ̀ 504 nínú òfin ọdún 1973 sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń gba owó ìjọba kò gbọ́dọ̀ lé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn nítorí àbùkù ara; òfin ọdún 1990 sì mú un gbòòrò sí i. Lónìí, nínú Yunifásítì Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì kan wà fún iṣẹ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Ọ́fíìsì yóò kọ ìwé sí àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé báyìí-báyìí ni kí ẹ ṣe fún un. Olùkọ́ kò sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè irú àìsàn tí ń ṣe é. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: nígbà tí ọmọ wà ní ilé-ìwé kékeré, ilé-ìwé ni òfin ní kí ó wá a rí. Bí ó bá ti dé Yunifásítì, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí kò bá sọ, kò sí ẹni tí yóò wá a. Ọmọ wa tí a ti kọ́ pé kí ó má ṣe wo àgbà lójú ni wọ́n ní kí ó dìde lọ sọ àìní rẹ̀ fún àjèjì. Ìṣòro kejì tún ni ìtìjú àwọn òbí. A mọ àwọn ọmọ Yorùbá lókè òkun tí òbí wọn sọ fún wọn pé, "Má kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù o, kí wọ́n má baà sọ pé ìdílé wa ní nǹkan." Ọmọ náà á máa jìyà ohun tí òfin ti pèsè ìrànwọ́ fún.

Ní Ìlú Ọba, òfin wọn pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé. Òfin ọdún 1995 kò kan ẹ̀kọ́ púpọ̀. Láti ọdún 2002 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í de àwọn Yunifásítì gírígírí, òfin ọdún 2010 ni ó sì wà lórí oyè báyìí. Ohun tí a fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé Yunifásítì kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí arọ bá dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó máa wá káfíńtà. Ó gbọ́dọ̀ ti rò ó ṣáájú pé irú rẹ̀ lè wá. Lẹ́yìn èyí, ìjọba ní owó kan tí ó ń san fún ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá: fún kọ̀ǹpútà, fún ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, fún owó ọkọ̀ tí ó bá pọ̀ sí i nítorí ipò rẹ̀. Ní England, fún ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, iye tí ó ga jù lọ tí ẹnìkan lè rí gbà jẹ́ £26,948. Kì í ṣe gbèsè, kò ní dá a padà, wọn kì í sì í bèèrè bóyá baba rẹ̀ lówó.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Ọmọ onílé ni owó yìí wà fún. Ọmọ tí ó ti Ìkìrun lọ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rí i gbà. Òfin ọdún 2010 dáàbò bò ó bí ó ti dáàbò bo ọmọ onílé, Yunifásítì sì gbọ́dọ̀ ṣe ètò tí ó tọ́ fún un. Síbẹ̀, ohun tí Yunifásítì náà lè pèsè láti inú àpò tirẹ̀ ni kí a kọ ìwé bèèrè kí a tó san owó ilé-ìwé, kí ìdáhùn náà sì wà nínú ìwé. Ìbéèrè kan péré yìí lè gba ẹbí kan lọ́wọ́ ẹkún.

Àwọn kan yóò sọ pé òyìnbó ní owó, àwa kò ní. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní South Africa, Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg ti dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí láti ọdún 1986, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí àlééfà. Lónìí, àjọ tí ń fún àwọn ọmọ tálákà ní owó Yunifásítì níbẹ̀ tún máa ń san owó ohun èlò àti owó olùrànlọ́wọ́ fún àwọn tí ó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá láàárín wọn.

Ghana ni ó sún mọ́ wa jù. Òfin wọn jáde ní ọdún 2006. Ó fún àwọn onílé gbogbo ènìyàn ní ọdún mẹ́wàá láti ṣe ọ̀nà tí arọ lè gbà wọlé. Ọdún mẹ́wàá náà pé ní 2016, iṣẹ́ kò sì parí, àwọn ará Ghana fúnra wọn kò sì dẹ́kun àròyé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Yunifásítì Legon, ọ́fíìsì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí. Ní Yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí ó wà ní Winneba, àwọn adití ń jókòó nínú kíláàsì pẹ̀lú ògbufọ̀ níwájú. Ọmọ tí ó bá dé síbẹ̀ mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Ó wá ku ilé wa. Kí a má purọ́, Nàìjíríà kì í ṣe aṣálẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tí etí rẹ̀ di nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní Gallaudet, ní ọdún 1954. Ó wá sí Áfíríkà, ó dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó sì dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1960, ọdún òmìnira wa. Kí ó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ní Rwanda ní ọdún 1987, ó ti dá irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní ọgbọ̀n sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà. Adití ni ó kọ́ wa bí a ti ń kọ́ adití. Ní ọdún 1974, Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí; Ọ̀yọ́ tẹ̀lé e ní 1977, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ.

Òfin náà kò wọ́n wa. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ọdún 2007. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin Ìjọba Àpapọ̀ tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ wọn léèwọ̀. Òfin náà ní kí Bíréèlì àti èdè ọwọ́ wà lára ohun tí a ń kọ́ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé Yunifásítì, ó sì fún àwọn ilé gbogbogbòò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí arọ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní 2024. Láti ọdún 2017, àjọ JAMB lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede ti ṣètò ìdánwò ọ̀tọ̀ fún àwọn afọ́jú, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ṣe alága fún. A yìn wọ́n fún èyí, kò sí àbùlà níbẹ̀.

Àmọ́ JAMB kàn gbé ọmọ dé ẹnu géètì ni. Kí ni ó wà nínú ilé? Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a tẹ̀lé ọmọbìnrin kan tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lọ forúkọ sílẹ̀ ní Yunifásítì kan tí a kì yóò dárúkọ. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé wà ní òkè kejì, kò sì sí ẹ̀rọ tí ń gbéni sókè. Akọ̀wé ibẹ̀ jẹ́ ọmọlúwàbí ènìyàn; ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, ó bẹ̀ wá, ó sì fún ọmọ náà ní ohun mímu. Nígbà tí a bi í léèrè ọ́fíìsì tí ń bójú tó irú rẹ̀, ó ní, "Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa gbé e. Wọ́n máa ń gbé wọn." Òótọ́ ni, wọ́n gbé e. Ọdún mẹ́rin gbáko ni àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ fi gbé e gun àtẹ̀gùn, ọjọ́ tí wọn kò bá sì sí ní tòsí, kò ní rí kíláàsì lọ.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wa àti àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí nìyẹn, bí a ti rí i. Àánú kò tán nílẹ̀ Yorùbá. Afọ́jú ní Yunifásítì wa yóò rí ọ̀rẹ́ tí yóò ka ìwé fún un. Ọ̀pọ̀ ti kàwé yege báyìí, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ọ̀rẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ náà ní ìdánwò tirẹ̀ lọ́la. Bí àárẹ̀ bá mú un, bí wọ́n bá jà, bí ó bá bínú, ẹ̀kọ́ ẹni kejì dúró. Afọ́jú náà kò sì lè bínú sí ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tí ó bá ń gba àánú kì í bínú. Ní ibi tí Yunifásítì ti yan ẹnìkan sí iṣẹ́ náà tí ó sì ń san owó oṣù fún un, akẹ́kọ̀ọ́ lè bá ẹni tí ó wù ú ṣe ọ̀rẹ́, ó sì lè bá ẹni tí ó wù ú jà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́ yòókù.

Kí ni ó kan Ẹgbẹ́ wa? A kì í ṣe ìjọba. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, Ẹgbẹ́ yìí sì ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí a ń pín lọ́dọọdún. A ti ń fún àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ìrẹsì àti kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ, a ń ya fọ́tò pẹ̀lú wọn, fọ́tò náà a sì jáde nínú ìwé ìròyìn yìí. Kí Alága má bínú sí wa, a wà nínú fọ́tò kan náà. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, láti ọdún yìí lọ, kí apá kan nínú owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ti ọmọ ìlú yìí tí ó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá, kí a sì lò ó láti san owó iṣẹ́ fún òǹkàwé tàbí ògbufọ̀ tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ ní sáà dé sáà. Kí orúkọ ẹni náà wà nínú ìwé, kí iṣẹ́ rẹ̀ ní wákàtí.

Ti kọ̀ǹpútà kò nira tó bí ẹ ti rò. Ní ọdún 2006, afọ́jú ọmọ Australia kan, Michael Curran, bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní NVDA, tí ń ka ohun gbogbo tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Ọ̀fẹ́ ni títí di òní. Bí ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà àlòkù ránṣẹ́, ẹ fi èyí sínú rẹ̀ kí ẹ tó dì í.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ní ẹ̀ka ní Òkukù níhìn-ín. Aládùúgbò wa ni wọ́n. Kí Ẹgbẹ́ wa, pẹ̀lú àwọn ará Ìnísà àti Òkukù, rán aṣojú sí àwọn aláṣẹ wọn, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ bèèrè: ta ni ẹni tí ọmọ afọ́jú yóò lọ bá ní ọjọ́ tí ó bá wọlé? Àwọn kíláàsì wo ni ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè dé? Bí ìdáhùn bá dára, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn tí ń bọ̀ kí àwọn òbí mọ̀. Bí kò bá sì sí ìdáhùn, kí a bá wọn wá a. Káfíńtà àti bíríkìlà kò wọ́n wa ní Ìkìrun.

Ó ku àwa olùkọ́. Ọmọ tí ó bá ń dẹ orí kí ó tó rí pátákó, ẹ má ṣe nà án. Bí ojú rẹ̀ tàbí etí rẹ̀ bá ti ń lọ, ẹ kọ́kọ́ rán an lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá lọ tán pátápátá, kí ẹ má ṣe sọ fún baba rẹ̀ ohun tí àwa sọ ní 1994.

A ti fi ìwé ńlá kan sórí tábìlì Akọ̀wé ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó lọ, ẹni tí ó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, tàbí tí ó mọ èyí tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀, kí ó kọ orúkọ ọmọ náà síbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, kíláàsì tí ó dé, àti ohun tí ń ṣe é. Kí ẹ kọ ti àwọn tí ó ti dàgbà náà. Ẹni tí a sọ ìtàn rẹ̀ fún yín wà nínú ìwé náà, orúkọ rẹ̀ ni ó wà ní ìlà kìíní, ó sì ní kí a kọ ọ́ pé òun ṣì fẹ́ kàwé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè kọ̀wé, kí ó wá bá wa lẹ́bàá tábìlì náà, a ó bá a kọ ọ́.